Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọmọ Yorùbá: Èwo Ló Rọrùn, Èwo Ló Le, Báwo Ni Ká Ṣe Kọ́ Wọn?

Ọmọ lè mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì dunjú, kó mọ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ kó ka gbólóhùn kan tán kó má mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ó bá kà á nínú ìwé ìtàn pé "the old man kicked the bucket", kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì sí i níbẹ̀. Ó mọ "old man", ó mọ̀ pé "kick" ni ká fẹsẹ̀ gbá nǹkan, korobá tí wọ́n fi ń pọnmi nílé ló sì ń jẹ́ "bucket". Bàbá arúgbó tó ń fẹsẹ̀ gbá korobá ni yóò máa fojú inú wò, bẹ́ẹ̀ ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ ni pé bàbá ti kú.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí là ń pè ní àkànlò èdè. Ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n kàn pọ̀, tí wọ́n sì jọ ní ìtumọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè rí bó bá tú wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì kún fún un. Ó wà nínú ìwé kíkà, nínú ìròyìn, nínú fíìmù àti nínú ìdánwò. Ó pẹ́ tí àwọn òbí àti olùkọ́ ti ń béèrè pé: ṣé kí ọmọ há gbogbo rẹ̀ sórí ni? Àwọn wo ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀? Ṣé Yorùbá tó ń sọ nílé ń dí i lọ́wọ́ ni, àbí ó ń ràn án lọ́wọ́? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Èrò tèmi ni pé ọmọ tó gbọ́ àkànlò èdè Yorùbá dáadáa ti ní ohun èlò tí yóò fi gbọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Àwa tí à ń kọ́ ọ ni a kì í jẹ́ kó lò ó.

Ọmọ kì í wá lọ́wọ́ òfo

Ọmọ tí wọ́n ń bá sọ Yorùbá nílé ti ń lo àkànlò èdè kó tó mọ ìwé kà. Bí ó bá ní àbúrò òun fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, sísá ló sá. Bí ìyá rẹ̀ bá fi àáké kọ́rí pé àwọn kò ní lọ síbi ayẹyẹ kan, ọmọ náà kò ní wá àáké kiri, ó mọ̀ pé màmá kọ̀ jálẹ̀ ni. Ó ń gbọ́ pé ẹnì kan jẹ gbèsè, ẹnì kan jẹ ìyà, ẹnì kan ń jẹ ayé, kò sì rò pé wọ́n fi oúnjẹ sẹ́nu nínú gbogbo rẹ̀. Bí ó ti ń dàgbà ni yóò máa gbọ́ "kọ etí ikún", "fọwọ́ lẹ́rán" àti "ta téru nípàá". Kò sẹ́ni tó kọ wọ́n sójú pátákó fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ ló ti gbọ́ wọn, ó rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó sì fi mọ ohun tí wọ́n túmọ̀ sí.

Ó yẹ ká ya òwe sọ́tọ̀ kúrò lára àkànlò èdè, nítorí ìwé ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń da méjèèjì pọ̀. Òwe ní gbólóhùn tirẹ̀ tó dá dúró, ó sì ní ọgbọ́n tó gbé dání. "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́" jẹ́ òwe, bẹ́ẹ̀ náà ni "All that glitters is not gold". Àkànlò èdè kì í dá dúró ní tirẹ̀. Inú gbólóhùn ẹlòmíràn ló máa ń bọ́ sí, olùwà àti àsìkò gbólóhùn náà ni yóò sì gbà. "Spill the beans", tó túmọ̀ sí pé ká tú àṣírí, kì í kọ́ni lọ́gbọ́n kankan. Ó kàn ń sọ ohun tí ẹnì kan ṣe ni. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní máa fi òwe parí gbogbo ìpínrọ̀ àròkọ rẹ̀, kó máa rò pé àkànlò èdè lòun ń lò.

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti rí tirẹ̀

Bí àkànlò èdè wa ṣe ti inú oko, ọdẹ, ilà, ẹ̀wù àti ààfin wá, bẹ́ẹ̀ ni ti Gẹ̀ẹ́sì ti inú ìgbésí ayé àwọn tó ni ín wá. Erékùṣù ni Bírítéènì, ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọn ló sì fi ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ ṣe. Ọkọ̀ ìgbà náà tó ń fi ìgbòkun rìn ní okùn lóríṣiríṣi, ẹni tuntun sì gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí "show someone the ropes" fi túmọ̀ sí pé ká fi ọ̀nà iṣẹ́ han ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "All hands on deck" ní kí gbogbo ọwọ́ pé sẹ́nu iṣẹ́. "In the same boat" sì ń sọ pé ìṣòro kan náà ló bá wa fínra.

Ogun náà ní tirẹ̀. Ìtàn tí wọ́n so mọ́ "turn a blind eye" ni ti Horatio Nelson, ọ̀gágun orí omi, tí wọ́n ní ó gbé awò sí ojú rẹ̀ tí kò ríran ní ogun Copenhagen lọ́dún 1801, tó sì ní òun kò rí àmì tí ọ̀gá òun fi ní kí àwọn padà. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ fún un: a ní ká mójú kúrò.

Bíbélì ni ìsun mìíràn, pàápàá ìtumọ̀ ti Ọba James tó jáde lọ́dún 1611. "The writing on the wall" wá láti inú Dáníẹ́lì orí 5, níbi tí ọwọ́ kan ti kọ̀wé sára ògiri ààfin Belṣásárì. Àmì pé ìparun ti ń bọ̀ ni. "By the skin of one's teeth" wá láti inú Jóòbù 19:20, a sì ń lò ó fún ẹni tó rí ọ̀nà yọ nígbà tó kù díẹ̀ kó bọ́ sọ́wọ́ ewu. "A drop in the bucket" wà nínú Aísáyà 40:15. "Scapegoat", ẹni tí wọ́n di ẹ̀bi ẹlòmíràn rù, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí William Tyndale lò lọ́dún 1530 fún ewúrẹ́ tí wọ́n ń lé lọ sí aginjù nínú Léfítíkù orí 16. Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti ní àǹfààní ńlá. Látìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti parí Bíbélì Yorùbá lọ́dún 1884 ni àwọn ìtàn wọ̀nyí ti wà ní èdè wa. Olùkọ́ kàn ní láti rán ọmọ létí Belṣásárì ni, ọ̀rọ̀ ti yé e. "The apple of one's eye" inú Diutarónómì 32:10 kò tilẹ̀ gba àlàyé gígùn, nítorí ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní ẹyinjú òun ti sọ ọ́ tán.

Shakespeare, tó kú lọ́dún 1616, náà wà lára àwọn tó tan irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kálẹ̀. "Break the ice", ìyẹn ni ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ láàárín àwọn tí kò mọra, wà nínú The Taming of the Shrew. "A wild-goose chase", wàhálà asán, wà nínú Romeo and Juliet. "The green-eyed monster", ìyẹn owú jíjẹ, wà nínú Othello. "In a pickle", kéèyàn wọ gàù, sì wà nínú The Tempest. Wọ́n ti ń sọ àwọn kan lára wọn kó tó kọ wọ́n, orí ìtàgé rẹ̀ ló sọ wọ́n di tẹrú tọmọ.

Oko, ọdẹ àti eré ìdárayá ni ìyókù ti wá. Àwọn tó ń lé ẹyẹ jáde fún ọdẹ máa ń lu igbó yíká kí ẹyẹ lè fò. Ẹni tó bá "beat about the bush" lónìí ń yí ọ̀rọ̀ po ni, kò fẹ́ sọ ojú abẹ níkòó. "Bark up the wrong tree" ti Amẹ́ríkà wá, níbi tí ajá ọdẹ ti ń gbó sídìí igi tí ẹran kò sí lórí rẹ̀. "Throw in the towel" ti inú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn wá: ẹni tó ń tọ́jú abẹ̀ṣẹ́ á ju aṣọ ìnura sójú ìjà láti fi hàn pé àwọn gbà pé wọ́n ti borí àwọn. "The ball is in your court" ti inú tẹ́nìsì wá, ó ní ọwọ́ rẹ ló kù sí.

Kí olùkọ́ ṣọ́ra fún ìtàn àtọwọ́dá o. Ọ̀pọ̀ ló ń tan ìtàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé "raining cats and dogs" wá nítorí pé ológbò àti ajá máa ń sùn lórí òrùlé koríko nígbà àtijọ́, tí òjò sì ń yọ̀ wọ́n bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rí fún un. Ohun tí a rí ni pé Henry Vaughan ti mẹ́nu ba ajá àti ológbò pẹ̀lú òjò lọ́dún 1651, Jonathan Swift sì lo ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tí a ń gbà lò ó báyìí lọ́dún 1738. "Kick the bucket" náà wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ ìgboro tí Francis Grose gbé jáde lọ́dún 1785, àmọ́ awuyewuye kò tíì tán lórí orírun rẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n rí sì wúlò fún wa. Raymond Gibbs ní Amẹ́ríkà rí i pé àkànlò èdè tí àwòrán inú rẹ̀ súnmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń tètè yé ọmọdé ju èyí tí àwòrán rẹ̀ jìnnà sí i lọ. Ọmọ lè fi òye gbé e pé ẹ̀wà tó dànù kò ṣe é kó padà tán, gẹ́gẹ́ bí àṣírí tó ti tú, ṣùgbọ́n korobá kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ikú lójú rẹ̀. Ní Ítálì, Maria Chiara Levorato àti Cristina Cacciari fi hàn pé ọmọ tó bá pàdé àkànlò èdè nínú ìtàn máa ń mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ju èyí tó pàdé rẹ̀ lóun nìkan lọ. Marilyn Nippold ní Oregon rí i pé òye yìí kì í parí ní kékeré. Ó ń dàgbà sí i títí ọmọ yóò fi di ọ̀dọ́, àwọn tí ọmọ ń gbọ́ léraléra ló sì máa ń kọ́kọ́ yé e.

Gbogbo ìyẹn jẹ́ nípa àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àkànlò inú èdè abínibí wọn. Iṣẹ́ tó kan àwa gan-an ni èyí tí Suzanne Irujo gbé jáde lọ́dún 1986. Ó dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Fẹnẹsúẹ́là 12 wò, àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì, tí wọ́n sì ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jinlẹ̀. Ó pín àkànlò èdè sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó bá ti èdè wọn mu rẹ́gí, èyí tó jọ ọ́ àmọ́ tó yàtọ̀ díẹ̀, àti èyí tó yàtọ̀ pátápátá. Èyí tó bára mu ló rọrùn jù fún wọn. Èyí tó yàtọ̀ pátápátá ló le jù láti gbọ́. Àmọ́ ibi tí èdè abínibí ti ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn lẹ́nu ni àárín, lórí àwọn tó jọra díẹ̀.

Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí lé Yorùbá

Àwọn tó bára mu pọ̀ ju bí a ti rò lọ. "Lend a hand" kò jìnnà sí ràn mí lọ́wọ́, ọwọ́ ló wà nínú méjèèjì. "To be in two minds" ni iyèméjì. "Take heart" ni mú ọkàn le. "Kill two birds with one stone" náà ni fífi òkúta kan pa ẹyẹ méjì tó ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Irú àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á rí i pé èdè àjèjì yìí kò fi gbogbo ara ṣàjèjì, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni àwọn tí ìtumọ̀ wọn dọ́gba, tí àwòrán wọn yàtọ̀ síra. Gẹ̀ẹ́sì ní "call a spade a spade", àwa ní ká sọ ojú abẹ níkòó. Gẹ̀ẹ́sì ní "turn a deaf ear", àwa ní ká kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní "put one's foot down", àwa ní ká fi àáké kọ́rí. Gẹ̀ẹ́sì ní "take to one's heels", àwa ní ká fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bó bá di ti òwe, "strike while the iron is hot" àti "make hay while the sun shines" súnmọ́ òwe wa tó ní ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ọmọ tó gbọ́ ti Yorùbá lára irú méjì báyìí kò ní ìtumọ̀ tuntun láti kọ́, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ nìkan ló kù fún un.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni àwọn tó jọ tiwa lójú, tí wọn kò sì jọ ọ́ nínú. Ẹ wo "swollen head". Bí wọ́n bá ki Yorùbá kan lóríkì, tí ara rẹ̀ yá gágá, yóò ní orí òun wú. Ohun iyì ni. Ọmọ tó bá gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ọ́ sínú àròkọ pé orí òun wú nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yìn òun níwájú gbogbo èèyàn, ti bu ara rẹ̀ láìmọ̀, nítorí agbéraga tó ń wo àwọn ẹlòmíràn bí ẹni tí kò tó nǹkan ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. "Sweet tooth" náà ń tàn wọ́n. Ẹlẹ́nu dídùn lọ́dọ̀ wa ni ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn súwíìtì àti àkàrà òyìnbó ni Gẹ̀ẹ́sì ń bá wí. "Pull someone's leg" kò ní ìjà nínú, kò sì sí pé wọ́n fẹ́ gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Wọ́n kàn ń fi ẹni náà ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Èyí tó jinlẹ̀ jù lọ nínú wọn ni ti òtútù àti ooru. Lẹ́nu àwa Yorùbá, tútù jẹ́ ohun rere. Bí ìlú bá tutù, àlàáfíà wà níbẹ̀. Oníwà tútù ni ẹni tí kì í bínú òdì. A máa ń gbàdúrà kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n bá pè ní tútù kò dára. "Cold feet" ni kí ojo mú ẹni nígbà tí ọjọ́ ti pé. "Cold shoulder" ni kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó wá báni. "In cold blood" ni ìwà ìkà tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ hù láìní àánú. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, "warm welcome" ni gbígba àlejò pẹ̀lú ọ̀yàyà, "warm-hearted" sì ni onínúure. Kò yani lẹ́nu pé èdè ilẹ̀ tí òtútù ti ń pa èèyàn so ooru mọ́ ìfẹ́, tí èdè ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú so ìtura mọ́ àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ṣàlàyé èyí fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì lè mọ ibi tí ọ̀pọ̀ àkànlò èdè dorí kọ fúnra rẹ̀. Ká sì fi kún un pé èdè méjèèjì fẹnu kò síbì kan: "in hot water" ni ìyọnu, bí ìlú tó ń gbóná ṣe jẹ́ ìyọnu fún wa.

Bó ṣe yẹ kó dún, àti ẹni tó yẹ ká sọ ọ́ fún

Àkànlò èdè kì í fẹ́ kí wọ́n tún òun ṣe. A lè yí ìṣe rẹ̀ sí àná tàbí ọ̀la, a lè yí "his leg" sí "my leg", ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kọ "kick the buckets" tàbí "spill the rice", ìtumọ̀ ti sọnù. Tiwa náà kò yàtọ̀: kò sẹ́ni tó lè fi kùmọ̀ kọ́rí dípò àáké. Ọmọ ti mọ òfin yìí nínú èdè rẹ̀, ká kàn rán an létí ni.

Ohun tí ìwé kì í sábà sọ ni iyì ọ̀rọ̀. "Kick the bucket" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kú ti ta ọ̀fà sí ọgbẹ́. "Pass away" ló yẹ níbẹ̀. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ọmọ Yorùbá rárá, nítorí a kì í sọ pé ọba kú, ọba wàjà là ń sọ. Àgbàlagbà tó ṣaláìsí, a ní ó ti fi ilẹ̀ bora bí aṣọ. Bákan náà ni "hold your horses", tó ń sọ pé kí ẹnì kan ní sùúrù, jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ọmọ tó ń sọ "tótó ó ṣe bí òwe" kó tó pa òwe níwájú àgbà ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní ẹni tí a ń sọ ọ́ fún. Kí olùkọ́ máa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkànlò kọ̀ọ̀kan: ti ẹgbẹ́ ni àbí ti gbogbo èèyàn, ti lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ni àbí ti lẹ́tà sí ọ́fíìsì.

Lọ́ńdọ́nù, Amẹ́ríkà, Nàìjíríà

Ohun mìíràn tó ń da ọmọ láàmú lónìí ni pé fíìmù tó ń wò ti Amẹ́ríkà wá, Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé rẹ̀ ń lò sì jẹ́ ti Bírítéènì. Bírítéènì ní "touch wood", Amẹ́ríkà ní "knock on wood". Bírítéènì ní "blow your own trumpet" fún ẹni tó ń pọ́n ara rẹ̀, Amẹ́ríkà ní "toot your own horn". Bírítéènì ní "skeleton in the cupboard" fún àṣírí ìtìjú inú ẹbí, Amẹ́ríkà fi "closet" rọ́pò "cupboard". Bírítéènì ní "a storm in a teacup" fún ariwo lórí ohun tí kò tó nǹkan, Amẹ́ríkà ní "a tempest in a teapot". Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe níbẹ̀. Kí ọmọ kàn mọ ibi tí ó ti gbọ́ èwo, kó má sì da wọ́n pọ̀ nínú àròkọ kan.

Àwa náà ti dá tiwa sílẹ̀. "More grease to your elbow" tí a fi ń yin ẹni tó ṣiṣẹ́ takuntakun, "more power to your elbow" ni ní Bírítéènì. A ní kéèyàn gé ẹ̀wù gẹ́gẹ́ bí "size" rẹ̀, "cloth" ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà. Lára wọn ni "eat money", tí ẹni tó bá gbọ́ jẹ owó ní Yorùbá yóò dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ mọ̀ pé èdè wa ń wọ inú Gẹ̀ẹ́sì bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wọ inú tiwa. Kó sì tún mọ̀ pé tó bá di inú ìdánwò, ìtumọ̀ tó wà nínú ìwé ni wọn yóò fi máàkì lé lórí.

Ìwé àti ìdánwò

Ìdánwò ló ń ti ọ̀pọ̀ wa. Abala àkọ́kọ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC ní ìbéèrè 80 tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi wákàtí kan dáhùn. JAMB ní ìbéèrè 60 fún Gẹ̀ẹ́sì nínú 180. Ìtumọ̀ àkànlò èdè wà nínú méjèèjì. Nítorí náà ni ìwé bíi The Students' Companion ti Wilfred D. Best ṣe gbajúmọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa láti ìran dé ìran. Ìwé náà wúlò fún ẹni tó fẹ́ yẹ ohun tó ti mọ̀ wò. Ṣùgbọ́n ojú ewé tó to àkànlò èdè léra láìsí ìtàn kò bá ohun tí Levorato àti Cacciari rí mu. Ọmọ á há a sórí lónìí, á sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò.

Ìwé atúmọ̀ èdè tí A. S. Hornby ṣe sàn jù fún àwọn tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ní Japan ló ti ṣe é fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lọ́dún 1942. Àkànlò èdè wà nínú orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ pàápàá. Ó máa ń fi gbólóhùn ṣàpẹẹrẹ, ó sì máa ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ kan jẹ́ ti ẹ̀fẹ̀ tàbí ti àpérò. Fún àwọn kéékèèké, ìwé Amelia Bedelia tí Peggy Parish bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963 ń kọ́ni pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọ ọ̀dọ̀ inú rẹ̀ ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an: wọ́n ní kó "dress the chicken", ó wọ aṣọ fún adìyẹ. In a Pickle tí Marvin Terban gbé jáde lọ́dún 1983 náà ń fi àwòrán ṣàlàyé. Ohun tí mi ò rí láàárín gbogbo wọn ni ìwé tó fi ti Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọdé. Àlàfo ńlá nìyẹn fún àwọn òǹkọ̀wé àti ilé ìtẹ̀wé wa.

Bó ṣe yẹ ká máa kọ́ wọn

Ká mú "spill the beans" ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ á sọ ìtàn kúkurú: Káyọ̀dé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí fún màmá wọn láìjẹ́ kó mọ̀. Wọ́n ti ra kéèkì pa mọ́ sílé àǹtí wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà Káyọ̀dé béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá ó fẹ́ràn kéèkì tó ní ṣokoléètì. "Káyọ̀dé spilled the beans." Kí olùkọ́ dákẹ́ díẹ̀, kó bi wọ́n: kí ni Káyọ̀dé ṣe? Wọ́n á dáhùn. Kó tún bi wọ́n: báwo la ṣe ń sọ ọ́ nílé? Ẹnì kan á ní ó tú àṣírí. Lẹ́yìn náà ni kó wá sọ fún wọn pé "beans" kì í yí padà, pé "spill" lè di "spilled", kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ṣe gbólóhùn tirẹ̀. Mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, kí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sì máa jẹ yọ nínú ìtàn ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ Frank Boers àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù tún fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ibi tí àkànlò èdè ti wá, bóyá inú ọkọ̀ ojú omi ni tàbí inú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, máa ń rántí rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà ká máa kó wọn jọ gẹ́gẹ́ bí ìsun wọn, dípò ká tò wọ́n ní A, B, D.

Bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wà káàkiri tó jẹ́ pé owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dára ni. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ ta ko èrò yẹn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó kọ́ iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí wọ́n gbọ́ jinlẹ̀ ló di àtẹ̀gùn sí ìkejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ máa pa òwe níwájú ọmọ yín, ẹ máa lo àkànlò èdè, ẹ má fi Yorùbá gbẹ̀fun bá wọn sọ̀rọ̀ nítorí pé wọ́n kéré. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ìbéèrè yín lẹ́yìn àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan máa jẹ́: báwo la ṣe ń sọ ọ́ nílé? Bí ìdáhùn bá wà, ọmọ ti gbọ́ ọ. Bí kò bá sí, ẹ sọ ìtàn ibi tí ó ti wá fún un. Àwọn tó sì ń ṣe ìwé, ẹ bá wa kọ ìwé tí èdè méjèèjì yóò ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí yóò fi èyí tó bára mu, èyí tó yàtọ̀ àti èyí tó ń tanni han ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí orí rẹ̀ ń wú ní Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kó wú ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì ló lè kọ́ ọ nìyẹn, iṣẹ́ wa sì ni.